Nítorí "la" Kan Ṣoṣo, Mo Tún Bébà 500 Tẹ̀

Owó ara mi ni mo fi tún bébà pélébé 500 tẹ̀ ní Madrid. Màmá kan tí wọ́n ń ta òrí níbẹ̀ ni wọ́n ní kí n bá àwọn kọ àlàyé ìlò rẹ̀ ní èdè Spéìn, kí àwọn lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ike. Nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ tán, oníbàárà wọn kan, ọmọ Spéìn, mú báírò, ó sì fa ìlà sí ìdí ọ̀rọ̀ mẹ́ta.

Àkọ́kọ́ ni "Guárdelo" (ẹ tọ́jú rẹ̀ pamọ́). "Manteca de karité" ni wọ́n ń pe òrí, abo sì ni "manteca" lójú èdè wọn; "lo" wà fún akọ, "la" wà fún abo, nítorí náà "Guárdela" ni ó yẹ kí n kọ. Èyí kò gbà mí ní àkókò.

Èyí tí ó dá mi dúró fún ọjọ́ méjì ni "No ingiérala", èyí tí mo kọ láti fi sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé e mì. Èdè Yorùbá ni mo tẹ̀ lé: a ń sọ pé "gbé e mì", a sì ń sọ pé "má gbé e mì", "e" kò sì kúrò lẹ́yìn "gbé". Ní èdè Spéìn, bí a bá ń pàṣẹ pé kí a ṣe nǹkan, arọ́pò-orúkọ àbọ̀, bí "la" yìí, á lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe; ṣùgbọ́n bí "no" bá ti wọlé, ó gbọ́dọ̀ bọ́ síwájú, kí ó sì dá dúró: "No la ingiera". Ó dùn mí gan-an pé ìwé gírámà tí mo fi owó gidi rà fi ìlànà yìí há ìsàlẹ̀ ojú ewé, ní lẹ́tà wínníwínní.

Ẹ̀kẹta ni "Mantengala" (ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀), tí n kò fi àmì ohùn sí lórí. Orí "ten" ni ohùn ti ń wúwo nínú "mantenga". Bí "la" bá lẹ̀ mọ́ ọn, "ten" di sílébù kẹta láti ẹ̀yìn, àmì sì di dandan: "manténgala". Ohun kan náà ni ó fún "aplicándola" (bí a ti ń fi í pa ara) ní àmì, tí "aplicarla" (láti fi í pa ara) kò fi ní, nítorí "car" ṣì jẹ́ sílébù kejì láti ẹ̀yìn. Inú mi dùn nígbà tí èyí yé mi, nítorí láti ìgbà náà ni mo ti ń ka sílébù láti ẹ̀yìn, n kò sì tún ṣi àmì fi mọ́.

Bí mo bá tún gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo gbólóhùn tí ó ní "no" ni n ó kọ́kọ́ kọ, n ó sì fi wọ́n han ọmọ Spéìn kan kí a tó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé.