Bí Mo Ṣe Tún Iná Ayọrí Mazda Mi Ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ Lẹ́yìn Tí Ríwáyà Ti Gba Owó Mi

Owó tí ríwáyà kan, ìyẹn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, gbà lọ́wọ́ mi ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, láti pààrọ̀ mótò kékeré tí ó ń gbé iná iwájú ọkọ̀ mi sókè, ni ó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Owó náà dùn mí, ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn mí jù ni pé mótò tí ó yọ kò kú rárá. Èyí tí ó fi sí ipò rẹ̀, tí ó sọ pé wọ́n ti dán wò dáadáa kí òun tó rà á, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun kan náà tí ti àtijọ́ ń ṣe kí oṣù tó parí, nígbà tí mo sì padà lọ bá a, ó ní kí n tún mú owó wá fún rílè, ẹ̀yà kékeré tí ó ń já iná tàbí so ó pọ̀ bí a bá tẹ bọ́tìnì.

Mazda MX-5 ni ọkọ̀ náà, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Miata, ìran àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe láti 1989 sí 1997. Ìjókòó méjì péré ni ó ní, òrùlé rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn, iná iwájú rẹ̀ méjèèjì sì máa ń wà ní bíbò ní ọ̀sán, wọn a yọrí síta bí a bá tàn wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ni ó fi ránṣẹ́ sí mi láti Amẹ́ríkà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Bí mo bá ń wà á kọjá ní Lágéré ní ìrọ̀lẹ́, tí mo sì tan iná, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì a dúró wò ó. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè gba ìmọ̀ràn ríwáyà náà nígbà tí ó ní kí òun kúkú fi irin de iná méjèèjì sókè kí wọ́n má wọlé mọ́.

Iná ọwọ́ òsì ni ó bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Ó kọ́kọ́ ń lọ́ra gòkè, lẹ́yìn náà ó ń dúró ní agbedeméjì, nígbà tí ọyẹ́ sì dé, kò gòkè mọ́ rárá ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Ní ìgbà mìíràn, yóò gòkè, yóò sọ̀kalẹ̀, yóò tún gòkè láìdúró, títí n ó fi pa á. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí mo ń bọ̀ láti Iléṣà, gílóòbù òsì ń tàn lásán nínú ihò rẹ̀. Níwọ̀n bí apá ọ̀tún títì ni a ti ń wakọ̀, iná tí ó kù fún mi ni èyí tí ó wà ní ìhà etí títì, awakọ̀ tírélà tí ó ń bọ̀ níwájú sì rò pé ọ̀kadà kan ni ó ń rọra gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Ó fẹ̀ sí ojú ọ̀nà tèmi. Ọlọ́run ni ó yọ mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ rílè tí ríwáyà náà ń sọ kò fi lè rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọkọ̀ yìí, iná kọ̀ọ̀kan ni ó ní mótò tirẹ̀, ṣùgbọ́n fíúsì 30 amp kan náà, rílè kan náà àti bọ́tìnì kan náà tí ó wà níwájú awakọ̀ ni àwọn méjèèjì jọ ń lò. Bí ọ̀kan nínú ohun àjọlò wọ̀nyí bá bàjẹ́, àwọn iná méjèèjì ni yóò jọ ṣe ségesège. Ṣùgbọ́n bí ẹyọ kan bá ń dààmú nígbà tí èkejì ń yọrí geerege, a kò ní ohun tí a ń wá lọ sí ibi rílè: mótò ẹ̀gbẹ́ yẹn ni kí a wò, pẹ̀lú wáyà tí ó gbé iná dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àti wáyà nẹ́gétíìfù tí a dè mọ́ ara ọkọ̀. Ẹni tí ó ń fi iṣẹ́ iná ọkọ̀ jẹun yẹ kí ó mọ èyí. Ó bí mi nínú pé kò sí téstà kankan ní ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí ó ń sọ fún mi pé mótò ti kú.

Ohun kan wà tí ì bá ti gbà mí ní alẹ́ tírélà yẹn, ká ní ẹnì kan ti sọ ọ́ fún mi. Lára mótò kọ̀ọ̀kan, lábẹ́ ìdérí rọ́bà kékeré kan, ni kókó kan wà tí a lè fi ìka yí títí iná yóò fi gòkè. Ó máa ń gba yíyí púpọ̀, ṣùgbọ́n yóò gòkè. Kí a kọ́kọ́ yọ fíúsì rẹ̀ o, nítorí bí mótò bá ta jí nígbà tí ọwọ́ ẹni wà níbẹ̀, yóò ṣe ẹni ní ìjàǹbá. Ọwọ́ náà sì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ iná ayọrí: nínú Cord 810 tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1936, awakọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń yí ọwọ́ irin láti inú ọkọ̀ kí iná tó jáde.

Yíyọ mótò kò le, ẹni tí ó bá ti di sípánà mú rí kò nílò kí n ṣàlàyé rẹ̀. Ohun tí ó dá mi dúró ni iṣẹ́ ọwọ́ ríwáyà yẹn. Nígbà tí sọ́kẹ́ẹ̀tì mótò tí ó rà kò bá ti ọkọ̀ mi mu, ṣe ni ó gé èyí tí wọ́n ṣe mọ́ ọkọ̀ láti Jàpáàn dànù, ó fi wáyà pupa kan náà so gbogbo ojú rẹ̀, ó wá fi tépù dúdú wé e pọ̀ gìdìgbà. Mo tú tépù náà, pupa ni mo bá. Mo tẹ̀ lé wáyà pupa wọ̀nyí dé ibi tí ó ti so wọ́n mọ́ ti ọkọ̀, ooru ẹ́ńjìnnì sì ti sọ àwọ̀ ti ọkọ̀ di àwọ̀ eruku kan náà, débi pé n kò lè mọ èyí tí ó jẹ́ dúdú tẹ́lẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ó jẹ́ àwọ̀ ewé. Bí ènìyàn bá sì ṣèèṣì so méjì pọ̀ tí kò yẹ kí ó pàdé, fíúsì yóò jó, tàbí kí rílè tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan wá kú lóòótọ́.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ dúró sí fún ìgbà pípẹ́. Ọkọ̀ wà ní àgbàlá wa ní Ìrẹ̀mọ, ojú rẹ̀ kan ṣófo, òjò sì ti ń ṣú. Gbogbo ẹni tí ó bá kọjá ni ó ní ìmọ̀ràn: ẹnì kan ní kí n so wọ́n bí ó bá ṣe wù mí kí n máa wo èyí tí yóò ṣiṣẹ́, òmíràn ní kí n gbé e lọ sí Ìbàdàn. Inú mi ru gidigidi, nítorí pé bí ọkùnrin yẹn bá ti lo wáyà aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tàbí tí ó tilẹ̀ fi bírò kọ nọ́ńbà sórí bébà kan, kò ní sí ìdádúró kankan.

Bàbá kan wà ní àdúgbò wa tí ó ti ń tún rédíò ṣe láti ìgbà pípẹ́. Mo lọ yá mítà tí ó fi ń wọn iná, mo sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún un.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Wáyà ni mo bá jà, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá tán.”

“Ìwọ má wo àwọ̀ mọ́. Apá ọ̀tún ṣì wà bí wọ́n ṣe ṣe é, àbí?”

“Ó wà bẹ́ẹ̀, sà.”

“Òun ni kí o lọ bi.”

Ohun tí ó tú u nìyẹn. Mo yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì mótò ọ̀tún, mo ya àwòrán ojú rẹ̀ sórí bébà, mo wá fi mítà wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: èyí tí iná wà nínú rẹ̀ nígbà tí gbogbo súwíìṣì wà ní pípa, èyí tí iná dé bá nígbà tí mo tẹ bọ́tìnì, èyí tí iná kúrò nínú rẹ̀, àti èyí tí kò ní iná nígbà kankan nítorí pé ara ọkọ̀ ni ó lọ. Lẹ́yìn náà ni mo bi àwọn wáyà òsì ní ìbéèrè kan náà, wọ́n sì dáhùn gẹ́gẹ́ bí ti ọ̀tún ṣe dáhùn. Iná ń dé ọ̀dọ̀ mótò òsì láìsí àbùkù, nẹ́gétíìfù rẹ̀ sì mọ́, àṣìṣe náà kò lè wà níbòmíràn ju inú mótò lọ. Mo yọ̀ lọ́jọ́ náà bí ẹni pé èmi ni mo ṣe ọkọ̀ náà.

Mo ti gba mótò àtijọ́ mi padà lábẹ́ tábìlì ríwáyà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń kùn, apá sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó gé sì ṣì há mọ́ ọn. Òun ni mo ṣí. Mótò yìí kì í yí padà sẹ́yìn, ìhà kan náà ni ó máa ń yí sí: ìdajì yíyí kan gbé iná sókè, ìdajì kejì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ohun tí ó ń dá a dúró ní àkókò ni àwo kékeré kan tí a tẹ́ bàbà sí, tí ìka irin pẹlẹbẹ ń rìn lórí rẹ̀. Ibi tí bàbà bá ti já ni iná ti já, mótò a sì dúró. Lórí àwo yìí ni mo ti bá gíríìsì ọjọ́ aláyé, ó le gbagidi bí ọṣẹ dúdú tí wọ́n gbàgbé sí oòrùn, bàbà abẹ́ rẹ̀ sì ti dípẹtà. Ìka irin ń rìn lórí gíríìsì gbígbẹ dípò bàbà. Nítorí náà ni mótò kò fi mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó gbéra tàbí kí ó dúró, òtútù ọyẹ́ sì tún ń mú gíríìsì náà le sí i.

Mo fi bẹntiróòlù díẹ̀ àti àkísà mímọ́ nù ún, mo fi sáńpépà tí ó kúnná jù lọ ra bàbà náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí ó fi ń dán, mo sì fi gíríìsì tuntun fẹ́ẹ́rẹ́ sí i. Owó gíríìsì náà kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán. Bàbá onírédíò fi òjé jó sọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́ padà mọ́ wáyà rẹ̀, ó sì kọ̀ láti gba kọ́bọ̀. Nígbà tí mo tẹ bọ́tìnì, iná òsì àti ọ̀tún gòkè pa pọ̀. Mo ṣí mótò tí ríwáyà tà fún mi pẹ̀lú: gíríìsì gbígbẹ kan náà ni ó wà nínú rẹ̀. Mo ti nu òun náà, mo sì fi pamọ́.

Ẹni tí ó bá ní irú ọkọ̀ yìí, kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ògbólógbòó ẹ̀yà rẹ̀ lọ, nítorí pé láti 2004 tí Corvette C5 àti Lotus Esprit ti kógbá wọlé, iná ayọrí ti kúrò lára ọkọ̀ tuntun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń ṣe, ohun tí a sì ń rà jẹ́ èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tí ó dàgbà tó tiwa. Kí ó sì máa tẹ bọ́tìnì náà lóòrèkóòrè ní ọ̀sán pàápàá, kí àwo bàbà má baà sùn. Bí ríwáyà bá fẹ́ gé wáyà, kí ó bi í ní ìdí rẹ̀ kí àlùmọ́gàjí tó kàn án. Èmi kì í tún kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mi mọ́ nígbà tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn tí mo dá gbogbo rẹ̀ padà, mo dojú ọkọ̀ kọ ògiri ní alẹ́, mo sì yí ìdè tí ó ń tọ́ iná títí ojú méjèèjì fi dọ́gba, kí ó má baà máa gún ẹni tí ó ń bọ̀ lójú. Ó ku ike kékeré tí ó wà níbi tí ọ̀pá irin ti so mọ́ iná, ti òsì ti jẹ díẹ̀, iná náà sì máa ń gbọ̀n bí mo bá gba ibi tí ọ̀dà ti ṣí lójú ọ̀nà Iléṣà. Mo ti ní kí ẹ̀gbọ́n mi bá mi rà á.