Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ bí ẹ bá ń lọ wo sumo pẹ̀lú amọ̀nà

Ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ́dún ni ìdíje ńlá sumo, ìjàkadì ìbílẹ̀ àwọn ará Jàpáánì, máa ń wáyé lọ́hùn-ún, ọjọ́ 15 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oṣù kìíní, ìkarùn-ún àti ìkẹsàn-án ni ti Tokyo, ní gbọ̀ngàn Ryogoku Kokugikan. Ẹni tó bá dé Tokyo lóṣù keje, Nagoya ni sumo wà. Ẹ wo kàlẹ́ńdà kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú.

Èyí tó dùn mí jù ni ẹni tó sanwó fún amọ̀nà, tó wá wọ gbọ̀ngàn nígbà tí àwọn ọ̀gá fẹ́ jà. Láti òwúrọ̀ ni àwọn ọmọ kéékèèké inú iṣẹ́ náà ti ń jà, tí ìjókòó ṣófo káàkiri. Ìgbà yẹn ni amọ̀nà ráyè yín gbọ́. Ẹ jẹ́ kó la òfin yé yín: wọn kì í dúró dìgbà tí ẹ̀yìn bá kanlẹ̀ bíi ti ìjàkadì wa. Bí ọwọ́ lásán bá kanlẹ̀, tàbí ẹsẹ̀ bá yọ kúrò nínú òbìrìkìtì, ó tán.

Nírọ̀lẹ́, ẹ fi amọ̀nà lọ́rùn sílẹ̀. Àwọn ọ̀gá á da iyọ̀, wọ́n á lóṣòó, wọ́n á wo ara wọn tìkà-tìkà, wọ́n á tún dìde. Ó lè tó ìṣẹ́jú 4. Àsìkò yìí gan-an ni àlejò ń tẹ fóònù, tó ń béèrè ọ̀rọ̀. Kó tó gbójú sókè, wọ́n ti ti ẹnì kan jáde. (Lójú tèmi, ìwora-ẹni yẹn dùn ju ìjà náà lọ.)

Ẹ má torí pé ẹ fẹ́ súnmọ́ wọn ra ìjókòó ẹ̀gbẹ́ dohyo, ìyẹn pèpéle tí wọ́n ti ń jà. Kò sí jíjẹ, kò sí mímu, kò sí fọ́tò níbẹ̀, òmìrán sì lè ré lu yín. Ní àwọn ìjókòó onítìmùtìmù, ẹ óò bọ́ bàtà, ẹ óò káwọ́ kásẹ̀. Ẹni tí orúnkún ń dùn, kó gba àga òkè. Ẹ má fẹsẹ̀ kan dohyo rárá: ibi mímọ́ ni, obìnrin kì í sì í gun ún.

Bí wọ́n bá dá yokozuna, ìyẹn ọ̀gá tí ipò rẹ̀ ga jù, tí tìmùtìmù ń fò lókè, ẹ má bá wọn jù ú. Òfin kọ̀ ọ́.

Owó ìdúpẹ́ fún amọ̀nà? Kì í ṣe àṣà wọn. Ẹ tẹrí ba, ẹ dúpẹ́.