Bí A Ṣe Ń Ka Jọ́nà Kẹ́mísírì Kí A Tó Yan Àkòrí Ìwádìí

Alájàpá kì í kó kajú kúrò lóko Ògbómọ̀ṣọ́ láì kọ́kọ́ béèrè ohun tí ọjà ń rà. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí fún ẹni tó fẹ́ fi iṣẹ́ kẹ́mísírì ránṣẹ́ sí jọ́nà. Inú láàbù ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀: wọ́n á ṣe líígáńdì (mólékù tó ń di mẹ́tàlì mú), wọ́n á fi mú bàbà, níkẹ́lì àti síǹkì, wọ́n á wò ó bóyá ó ń pa bakitéríà. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá jọ́nà tó máa gbà á. Ọ̀pọ̀ owó àti oṣù ló ń bá ibẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan lórí kọ̀ǹpútà ì bá ti gba èèyàn sílẹ̀.

Ẹ mú jọ́nà kan ṣoṣo. Ká sọ pé Inorganic Chemistry ni, èyí tí American Chemical Society bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni wàhálà àkọ́kọ́. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, Inorganic Chemistry Communications àti Inorganic Chemistry Frontiers á dà pọ̀ mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ọ̀tọ̀ ni àwọn tó ń tẹ̀ wọ́n, ọ̀tọ̀ sì ni ohun tí wọ́n ń gbà. ISSN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ jọ́nà, ni kí ẹ fi wá a: 0020-1669 ni ti ìwé, 1520-510X ni ti orí íntánẹ́ẹ̀tì.

OpenAlex, àkójọ àpilẹ̀kọ ìwádìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni kí ẹ lò, torí ọ̀fẹ́ ni. Kò dúró de kí ilé ìwé san owó àsansílẹ̀ bíi ti Scopus. Ẹ yan ọdún márùn-ún tó ti parí pátápátá. Ẹ má mú ọdún tí a wà nínú rẹ̀, nítorí ọdún tí kò tíì pé máa ń jẹ́ kó dà bíi pé gbogbo àkòrí ló ń lọ sílẹ̀. Ẹ gbà á sílẹ̀ bíi CSV tí Excel lè ṣí, fáìlì kan fún ọdún kan, pàápàá lálẹ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá fúyẹ́. Bí iná bá lọ láàárín, fáìlì kan péré ni ẹ ó tún gbà. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ àtúnṣe àṣìṣe, ọ̀rọ̀ olóòtú àti àwòrán èèpo ẹ̀yìn jọ́nà kúrò. Wọ́n máa ń wà láàárín àwọn àpilẹ̀kọ, wọ́n sì máa ń ba kíkà jẹ́.

Jọ́nà ńlá ń tẹ ju ẹgbẹ̀rún kan àpilẹ̀kọ lọ lọ́dún, ẹ kò lè ka gbogbo rẹ̀. Nínú Excel, ẹ kọ =RAND() sí kọ́lọ́ọ̀mù tuntun, ẹ fi í to àwọn àkọlé, ẹ sì mú 200 àkọ́kọ́ nínú ọdún kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fi ojú yàn wọ́n, ohun tí ẹ ti fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ lẹ ó máa yàn. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ka àkọlé àti àkótán rẹ̀, kí ẹ sì kọ nǹkan mẹ́rin: mẹ́tàlì wo ni, irú nǹkan wo ni wọ́n ṣe, iṣẹ́ wo ni wọ́n fẹ́ kó ṣe, àti ẹ̀rí wo ni wọ́n mú wá. Kí ẹni méjì kọ́kọ́ ṣe 50 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n tó fi iṣẹ́ wéra. Níbi tí wọn kò bá ti fẹnu kò, ìtumọ̀ tí ẹ fún ọ̀rọ̀ ló fẹ́ àtúnṣe. Àpẹẹrẹ ni MOF (metal-organic framework), àwọ̀n tí mẹ́tàlì àti mólékù oníkábọ́ọ̀nù so pọ̀ ṣe. Ìtumọ̀ tí IUPAC, ẹgbẹ́ kẹ́mísírì àgbáyé, fún un ní 2013 béèrè pé kí ihò lè wà nínú rẹ̀. Coordination polymer (mẹ́tàlì àti líígáńdì tó so mọ́ra lọ títí) tí kò ní ihò kì í ṣe MOF. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ á rí ìdàgbàsókè tí kò sí.

Ẹ má ka iye lásán, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni kí ẹ wò. Ká ní jọ́nà kan tẹ 400 àpilẹ̀kọ lọ́dún kan, tí 40 jẹ́ ti oògùn onímẹ́tàlì. Lọ́dún míì ó tẹ 800, tí 60 jẹ́ tirẹ̀. Iye gòkè, àmọ́ ìdá já láti 10 sí 7.5. Jọ́nà ló tóbi sí i, kì í ṣe àkòrí náà. Ẹ tún ṣọ́ra fún àkànṣe ìtẹ̀jáde: oṣù kan tí wọ́n fi ṣe àkòrí kan ṣoṣo lè gbé ọdún náà sókè láìjẹ́ pé nǹkan kan yí padà.

VOSviewer, tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Leiden ní Nẹ́dálándì, lè ya àwòrán bí ọ̀rọ̀ ṣe ń bára wọn rìn. Ọ̀fẹ́ lòun náà. Ẹ kọ́kọ́ ṣe fáìlì thesaurus fún un, kí “MOF”, “MOFs” àti “metal-organic framework” lè di ọ̀kan. Láìsí èyí, ọ̀rọ̀ kan náà á jókòó síbi mẹ́ta. Àwòrán náà dára láti fi han ọ̀gá yín. Kò lè rọ́pò títo tí ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe.

Ẹ ó rí MOF, ìmọ́lẹ̀ láti ara lanthanide (ìdílé mẹ́tàlì kan), mágínẹ́ẹ̀tì onímólékù kan, àti yíyí CO2 padà. MOF á pọ̀; òun náà ni Kitagawa, Robson àti Yaghi tìtorí rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel Kẹ́mísírì ti 2025. Kí ẹ tó sáré tẹ̀ lé e, ẹ wo kọ́lọ́ọ̀mù kẹrin.

Kọ́lọ́ọ̀mù ẹ̀rí yìí ló ṣe pàtàkì jù, nítorí ẹ̀rí tí kò pé ló ń dá ọ̀pọ̀ iṣẹ́ padà. Bí àpilẹ̀kọ mẹ́jọ nínú mẹ́wàá lórí irú ohun tí ẹ fẹ́ ṣe bá gbé X-ray kírísítálì kalẹ̀, ẹ wá alájọṣe tó ní ẹ̀rọ náà kí ẹ tó ra kẹ́míkà. Fáìlì CIF (àkọsílẹ̀ ètò kírísítálì náà) tó bá jáde, ẹ fi checkCIF ti International Union of Crystallography yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ tún ìkìlọ̀ onípele A (èyí tó wúwo jù) ṣe tàbí kí ẹ ṣàlàyé rẹ̀, kí ẹ tó fi í pamọ́ sí CCDC, ibi ìpamọ́ ètò kírísítálì ní Cambridge. Wọn kò gba owó ìfipamọ́.

Ibi tó ń gbé ọ̀pọ̀ ṣubú ni ìwọ̀n kábọ́ọ̀nù, háídrójìn àti náítírójìn. Àṣà tó ti pẹ́ ni pé èyí tí ẹ̀rọ wọ̀n kò gbọdọ̀ fi ju 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún yà sí ti ìṣirò. Ẹ wo bàbà tí líígáńdì tí wọ́n ń pè ní salen mú, C16H14CuN2O2. Ìṣirò fún un ní kábọ́ọ̀nù 58.26 nínú ọgọ́rùn-ún, náítírójìn 8.49. Bí mólékù omi kan ṣoṣo bá wà pẹ̀lú rẹ̀, kábọ́ọ̀nù á já sí 55.25, náítírójìn á di 8.05. Omi tí ojú kò rí ti yí i ní 3 odindi. Ní àsìkò òjò, ẹ gbẹ ohun tí ẹ ṣe nínú désíkétọ̀ oníváákúùmù títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní yí padà mọ́, ẹ sì fi ìgò tó dé pinpin ránṣẹ́. Bí omi náà bá jẹ́ tirẹ̀ lóòótọ́, TGA, ẹ̀rọ tó ń wo bí ìwọ̀n nǹkan ṣe ń dín bí ooru ṣe ń pọ̀, ló gbọ́dọ̀ jẹ́rìí: nǹkan bí 5.2 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìwọ̀n yóò fi dín. Kíkọ H2O mọ́ fọ́múlà kí nọ́ńbà lè bára mu kì í ṣe ẹ̀rí, olùyẹ̀wò á sì béèrè.

Ìgbà tí ẹ bá ti mọ ẹ̀rí tí jọ́nà ń béèrè ni kí ẹ wá wo ohun tó wà nítòsí yín. Èèpo kajú tí wọ́n ń kó dànù ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ásíìdì anacardic nínú. Ó dà bí ásíìdì salicylic tó ní ìrù kábọ́ọ̀nù 15, ó sì lè di mẹ́tàlì mú. Kálísíọ̀mù ni wọ́n fi ń yà á kúrò lára ìyókù epo náà: kálísíọ̀mù háídróksáìdì á mú un, á rọ̀ sísàlẹ̀, háídrókílóríìkì ásíìdì á sì tún tú u sílẹ̀. Àmọ́ ìrù rẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan. Àwọn kan kún fún háídrójìn, àwọn yòókù ní ìdè onílọ́po méjì (C=C): ẹyọ kan, méjì tàbí mẹ́ta. Àdàlù bẹ́ẹ̀ kò ní wọnú 0.4, kírísítálì rẹ̀ á sì ṣòro láti rí. Ẹ fi háídrójìn àti palladium orí èédú sọ gbogbo ìrù náà di ọ̀kan kí ẹ tó fi kan mẹ́tàlì.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, nítorí epo náà ń bó awọ ara. Èèpo tí iná kò tíì kàn ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fi acetone fà á láìgbóná. Ẹ fi infrared wò ó lẹ́yìn náà: àmì C=O yẹ kó wà ní nǹkan bí 1650 cm⁻¹. Bí kò bá sí níbẹ̀, ooru ti lé CO2 kúrò lára rẹ̀, cardanol lẹ ní lọ́wọ́, ẹ lọ wá èèpo míì.