Bí Èèyàn Méjì Ṣe Ń Fi Ìpè Bára Wọn Sọ̀rọ̀ Nídìí Bíríìjì

Ọjọ́ Sátidé kan ni, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi lẹ́yìn Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́. Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹnìkejì mi nídìí káàdì, jókòó ní ọ̀kánkán mi. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: ó pe 1 háàtì. Alátakò tó tẹ̀ lé e ní páàsì. Ó wá kàn mí. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi rèé:

Sípéèdì: A 8 5 2
Háàtì: K 9 6 4
Dáyámọ́ńdì: 3
Kílọ́ọ̀bù: 9 7 5 2

Mo kà á bí mo ṣe máa ń kà á láti ìgbà tí mo ti kọ́ eré yìí nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn: Eésì jẹ́ 4, Kíǹgì jẹ́ 3, àpapọ̀ 7. Mo ní, 7 kò tó nǹkan. Mo pe 2 háàtì. Màmá Nọ́ọ̀sì ní páàsì, wọ́n ta káàdì, ó sì kó ìgbà 10. Ohun tí a rí gbà jẹ́ 170. Ká ní 4 háàtì la pè, 420 là bá gbà.

Màmá Nọ́ọ̀sì kò ṣe àṣìṣe kankan. Ohun tí mo sọ fún un ló gbọ́, ó sì gbà mí gbọ́. Èmi ni mo sọ fún un pé ọwọ́ mi fúyẹ́, nígbà tí kò fúyẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú lórí ohun tí mo fẹ́ kọ síbí: ìpè kì í ṣe iye tí o kà lọ́wọ́ ara rẹ, ọ̀rọ̀ tí ò ń sọ fún ẹlòmíràn ni.

Fún ẹni tó jẹ́ pé Whot nìkan ló mọ̀, bíríìjì nìyí ní kúkúrú. Èèyàn mẹ́rin ń ta á, méjì sí méjì, ẹnìkejì rẹ sì máa ń kọjú sí ọ. Káàdì 52 ni, ẹnì kọ̀ọ̀kan á gba 13. Ìdílé mẹ́rin ló wà: sípéèdì, háàtì, dáyámọ́ńdì, kílọ́ọ̀bù. Kálukú á ju káàdì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ẹni tí tirẹ̀ bá ga jù á kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìyẹn ni mò ń pè ní ìkó, ìkó 13 ló sì wà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó ju káàdì sílẹ̀, gbàǹjo á kọ́kọ́ wáyé. Kálukú á máa pe iye ìkó tí òun àti ẹnìkejì òun lè kó lé ní 6, àti ìdílé tí yóò jẹ́ ọ̀gá lórí àwọn yòókù. 1 háàtì túmọ̀ sí ìkó 7, kí háàtì jẹ́ ọ̀gá. 4 háàtì túmọ̀ sí ìkó 10. O sì lè pe nó-tíráǹpù, ìyẹn ni pé kí ìdílé kankan má ṣe ọ̀gá. Ẹni tó bá pè kẹ́yìn ló ra ọjà náà, òun ló sì gbọ́dọ̀ san án.

Háàtì àti sípéèdì ń mú 30 wá lórí ìkó kọ̀ọ̀kan tó lé ní 6, dáyámọ́ńdì àti kílọ́ọ̀bù ń mú 20 wá. Nó-tíráǹpù ń mú 40 wá lórí èkíní, 30 lórí àwọn yòókù. Bí ohun tí ẹ pè bá tó 100, ẹ̀bùn 300 á gorí ẹ̀, tàbí 500 bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ wà nínú ewu, ìyẹn ipò kan nínú eré tí èrè àti ìyà ti máa ń pọ̀ sí i. Bí ohun tí ẹ pè kò bá tó 100, ẹ̀bùn 50 péré ni. Ará Amẹ́ríkà kan, Harold Vanderbilt, ló tún ìlànà èrè eré yìí tò ní 1925, òun ló sì fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ohun tí ẹ kó tí ẹ kò pè kò ní mú ẹ̀bùn náà wá. Ìdí nìyẹn tí ìkó 10 fi di 170 lọ́wọ́ wa.

Àwọn baba wa mọ irú ọ̀rọ̀ báyìí. Bí wọ́n bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ, ẹni tó gbà á mọ̀ pé ẹ̀fà ni, pé ẹni náà ń fà mọ́ òun. Mẹ́jọ ńkọ́? Ẹ̀jọ: ọ̀rọ̀ wa jọra. Àrokò ni. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹnu, ṣùgbọ́n bí ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á kò bá jọ mọ ìtumọ̀ kan náà, owó lásán ló wà nínú àpò yẹn. Bí 1 háàtì ṣe rí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí bí a ṣe ń díwọ̀n ọwọ́. Eésì 4, Kíǹgì 3, Kúìnnì 2, Jáàkì 1: gbogbo rẹ̀ jẹ́ 40 nínú káàdì 52. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá ní nǹkan bíi 25, ẹ lè gbìyànjú ìkó 10 nínú háàtì tàbí sípéèdì, tàbí 9 nínú nó-tíráǹpù. Bó bá tó 33, ẹ lè máa wo 12. Ibi tí a ti ń gbéra nìyẹn. Àṣìṣe tí mo ṣe ni pé mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá pè ló yẹ kí o tún ọwọ́ rẹ kà, torí pé káàdì kan náà tó jẹ́ pàǹtí kí ẹnìkejì rẹ tó sọ̀rọ̀ lè di wúrà lẹ́yìn tó bá sọ̀rọ̀.

Ẹ wo dáyámọ́ńdì 3 mi yẹn. Kí Màmá Nọ́ọ̀sì tó pe háàtì, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bó ṣe pe háàtì, tí èmi náà sì ní háàtì mẹ́rin, mo mọ̀ pé a ní ó kéré tán mẹ́sàn-án nínú ìdílé ọ̀gá, nítorí àdéhùn wa ni pé márùn-ún ló gbọ́dọ̀ ní kó tó pè é. Bí dáyámọ́ńdì bá ti lọ lẹ́ẹ̀kan, mi ò ní òmíràn. Èyí tó bá kù lọ́wọ́ rẹ̀, háàtì ni màá fi gé e, ìyẹn ni pé màá fi káàdì ìdílé ọ̀gá kó ìkó náà. Ọwọ́ rẹ̀ rèé lọ́jọ́ náà:

Sípéèdì: 7 3
Háàtì: A Q J 8 5
Dáyámọ́ńdì: A 7 6 4
Kílọ́ọ̀bù: K 6

Ó ta Eésì dáyámọ́ńdì, ó sì gé mẹ́ta tó kù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú háàtì tó wà lọ́dọ̀ mi. Sípéèdì kan àti kílọ́ọ̀bù méjì péré ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àpapọ̀ wa kò ju 21 lọ, ìkó 10 sì wà níbẹ̀. Nítorí náà, bí o bá ní ìdílé ẹnìkejì rẹ mẹ́rin, fi 3 kún ọwọ́ rẹ fún ìdílé tó ní káàdì kan ṣoṣo, 5 bí kò bá sí rárá, 1 bó bá jẹ́ méjì. 7 mi di 10. Ìpè tó bá 10 mu ni 3 háàtì, tó ń sọ pé: "Mo ní mẹ́rin nínú tìrẹ, ọwọ́ mi tó 10 sí 12, bí tìrẹ bá lé díẹ̀ lórí ti ìbẹ̀rẹ̀, tẹ̀ síwájú." Ó ní 14. Ì bá tẹ̀ síwájú.

Ẹ wá fi wé èyí, tí ẹnìkejì rẹ pe háàtì kan náà:

Sípéèdì: Q J 4
Háàtì: 8 6 3
Dáyámọ́ńdì: K J 5
Kílọ́ọ̀bù: Q J 7 2

10 ni, gbogbo rẹ̀ fọ́n káàkiri, kò sí Eésì, kò sí ibi tó tinrín tí a lè gé. Lójú ìwé, èyí ju tèmi lọ. Lójú mi, 2 háàtì ló tó fún un. Kúìnnì àti Jáàkì tí kò sí nínú ìdílé ẹnìkejì rẹ máa ń pẹ́ kí wọ́n tó so èso, àwọn alátakò sì ti lè kó tiwọn tán kó tó di ìgbà náà. Eésì, Kíǹgì, àti ohun tí o bá ní nínú ìdílé tí ẹnìkejì rẹ pè, wọ̀nyẹn ni kí o gbójú lé.

Ibi tí káàdì wà tún ṣe pàtàkì. Bí alátakò tó wà lápá ọ̀tún rẹ bá pe sípéèdì, tí Kíǹgì sípéèdì sì wà lọ́wọ́ rẹ, inú rẹ dùn, torí pé òun ló ń ju káàdì ṣáájú rẹ, Eésì rẹ̀ kò sì ní lè lúgọ dè ọ́. Bó bá jẹ́ ẹni apá òsì ló pè é, ka Kíǹgì yẹn bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjèèjì báyìí, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bàjẹ́ nìyí. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dénú rẹ̀, a di odindi. Ṣùgbọ́n àbọ̀ ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀ kan kí ẹ tó jókòó. Èmi àti Màmá Nọ́ọ̀sì ní ìwé kékeré kan, ìwé iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lásán ni. Ojú ewé àkọ́kọ́: 1 nó-tíráǹpù jẹ́ 15 sí 17, ọwọ́ tó dọ́gba. Ojú ewé kejì: 1 háàtì tàbí 1 sípéèdì túmọ̀ sí márùn-ún. Ojú ewé kẹta ni a fi pẹ̀ńsù pupa kọ, torí pé òun ló ti ná wa jù: dọ́bù, ìyẹn ìpè tí a ń gbé lé ìpè alátakò lórí, tó ń mú kí èrè tàbí ìyà rẹ̀ pọ̀ sí i.

Dọ́bù lè túmọ̀ sí "wọn kò lè ṣe é, ẹ jẹ́ ká gbà á lọ́wọ́ wọn." Ó sì lè túmọ̀ sí "sọ ìdílé tó dára jù lọ́wọ́ rẹ fún mi." Ohun méjì tó ta kora nìyẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì wà fún un. Àdéhùn wa nìyí: bí alátakò bá pe ìdílé kan ní 1 tàbí 2, tí ẹnìkejì mi kò sì tíì sọ ohunkóhun ju páàsì lọ, dọ́bù ń béèrè ìdílé ni. Àwọn mìíràn ní àdéhùn tó yàtọ̀, kò burú. Ẹ ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ tún kọ àwọn ìpè tí ẹnìkejì kò gbọdọ̀ páàsì lé lórí. Bí alátakò bá béèrè ohun tí ìpè mi túmọ̀ sí, Màmá Nọ́ọ̀sì ló máa dáhùn, ohun tí a jọ ṣàdéhùn gan-an ló sì máa sọ. Kò sí àṣírí láàárín èmi àti rẹ̀ tí àwọn tó kù kò lẹ́tọ̀ọ́ sí.

Yorùbá máa ń sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Nídìí bíríìjì, ojú kò gbọdọ̀ ní ọ̀rọ̀ kankan nínú. Nígbà kan, bí Màmá Nọ́ọ̀sì bá ní ọwọ́ tó gbóná, "1 háàtì" rẹ̀ máa ń le bí ẹni tó ń pe aláìsàn wọlé. Bó bá jẹ́ ọwọ́ lásán, ohùn á rọ̀ wálẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Mo wá gé páálí bísíkíìtì sí wẹ́wẹ́, mo kọ gbogbo ìpè sí wọn lára, páálí la sì ń gbé kalẹ̀ báyìí dípò ohùn. Àwọn tó ń díje káàkiri àgbáyé náà ní àpótí ìpè tí wọ́n fi ń ṣe irú èyí.

Ìdádúró ṣì kù. Lọ́jọ́ kan, mo pe 1 sípéèdì, alátakò pe 2 háàtì. Màmá Nọ́ọ̀sì ronú, ó ronú, ó gbé páálí kan, ó dá a padà, ó wá ní páàsì. Alátakò kejì pe 3 háàtì. Mo pe 3 sípéèdì, a sì ṣe é. Ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ tó máa ń wá láti LAUTECH rọra bi mí pé, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí lọ́wọ́ yín tí ẹ fi pè é?" Mo tún wo káàdì mi. Kò sí nǹkan níbẹ̀. Ìdádúró Màmá Nọ́ọ̀sì ni mo rí. Òfin eré náà, èyí tó jẹ́ ìkẹrìndínlógún, kọ̀ fún ọ láti lo irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, a sì kọ èrè náà fún wọn bí ẹni pé 3 háàtì ni wọ́n ta. Ó tún yẹ kí n sọ pé ẹ̀rù ba ọmọ náà kó tó béèrè, torí ọjọ́ orí mi. Láti ìgbà náà, ìlànà wa ni pé ẹni tó kéré jù nídìí káàdì ló ń kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè.

Ẹ má ṣe bá ẹnìkejì yín jà nídìí káàdì. Àwa ń kọ ohun tó bá rú wa lójú sínú ìwé, lẹ́yìn tí a bá jẹun tán la máa ń ṣí i. Láàárín ọ̀sẹ̀, mo máa ń fi káàdì 13 ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, èmi náà á mú 13 mìíràn, a ó sì máa pe ìpè síra wa láìsí alátakò kankan. Ìdajì wákàtí lálẹ́ ọjọ́ Wẹ́sídeè ti tún nǹkan ṣe fún wa ju ọdún méjì tí a kàn ń ta á lọ.

Ní oṣù tó kọjá, ó tún pe 1 háàtì. Mo ní Eésì kan, Kíǹgì kan, háàtì mẹ́rin, kílọ́ọ̀bù kan ṣoṣo. Mo gbé 3 háàtì kalẹ̀, ó gbé 4. Háàtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó kù wà lọ́wọ́ alátakò kan ṣoṣo, a sì fi ìkó kan kùnà. Lẹ́yìn oúnjẹ, Màmá Nọ́ọ̀sì ṣí ìwé, ó kọ ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, ó kọ "ìpè tó tọ́" sábẹ́ wọn, ó sì bi mí bóyá ẹ̀pà ṣì kù.