Ilé là ń wò ká tó sọ ẹja àrọ̀ lórúkọ: àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

Nínú odò Xingu, odò Orinoco àti àwọn ẹ̀ka odò Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ẹja àrọ̀ tí kò tíì ní orúkọ sáyẹ́ǹsì ṣì pọ̀. Ẹbí Loricariidae nìkan, ìyẹn àwọn tí àwo egungun bò lára bí ìhámọ́ra, ti lé ní ẹgbẹ̀rún ẹ̀yà. Àwọn tó fẹ́ sọ wọ́n lórúkọ náà ń pọ̀ sí i, àṣìṣe wọn sì jọra.

Ẹ má gbà pé àwọ̀ ti tó. Láàárín àwọn tó ń sin ẹja nínú àpótí gíláàsì, ẹja aláwọ̀ ewé kan tó ní àmì tótòtó, tí wọ́n ń kó wá láti Venezuela, ń jẹ́ L200. Ìwé ìròyìn DATZ ti Jámánì ló bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà L wọ̀nyí ní 1988, kí wọ́n lè rí nǹkan pe ẹja tí kò lórúkọ. Nọ́ńbà ọjà lásán ni. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tú L200 wò fínnífínní ní 2005, ẹ̀yà méjì ni wọ́n bá níbẹ̀, wọn kò tilẹ̀ wá láti ìran kan náà: Baryancistrus demantoides àti Hemiancistrus subviridis. Awọ tó parí lẹbẹ ẹ̀yìn ti àkọ́kọ́ nà dé lẹbẹ kékeré ọlọ́ràá tó wà nítòsí ìrù. Ti èkejì kò dé ibẹ̀. Lójú ẹni tó ń wo àwọ̀ nìkan, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ní ti Corydoras, ìran ẹja àrọ̀ kékeré kan, àti àwọn ìbátan rẹ̀, ẹ̀yà méjì tàbí mẹ́ta lè wọ aṣọ ẹbí nínú odò kan ṣoṣo, kó jẹ́ pé gígùn imú ni yóò tú àṣírí wọn. Àwọn mìíràn sì ń sọ akọ àti abo di ẹ̀yà méjì: ẹran wẹ́wẹ́ bí irùngbọ̀n a máa hù sí imú akọ ìran Ancistrus tó dàgbà, ti abo a kéré tàbí kó má sí rárá.

Inú garawa àti ìgò ni àdánù tó pọ̀ jù ti ń wáyé. Ẹ fi òróró kànáfùrù pa ẹja náà jẹ́jẹ́. Tó bá ti dákẹ́ mímí, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí àwọ̀ ewé yẹn kì í pẹ́ ṣá. Kí fọ́málíìnì, oògùn tí a fi ń pa òkú ẹja mọ́ kí ó má jẹrà, tó kàn án, ẹ gé ẹran díẹ̀ lára ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kí ẹ fi sínú ethanol tó tó 95% ó kéré tán. Fọ́málíìnì a máa ba DNA jẹ́. Ẹni tó bá rántí DNA lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ti pẹ́.

Fọ́málíìnì 10% túmọ̀ sí ìwọ̀n kan èyí tó wà nínú ike ọjà (37 sí 40% formaldehyde) pẹ̀lú ìwọ̀n omi mẹ́sàn-án. Àwọn kan ń ka 10% yẹn sí formaldehyde gan-an, wọ́n á pò ó le jù. Àwọn mìíràn á pò ó ṣàn, ikùn ẹja á sì jẹrà. Bí ẹ kò bá fi borax sí i, yóò kan, yóò sì máa jẹ egungun, bẹ́ẹ̀ egungun gan-an la fi ń mọ àwọn ẹja wọ̀nyí. Ìhámọ́ra wọn kì í jẹ́ kí oògùn tètè wọlé: bí ẹja bá gùn ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, ẹ fi abẹ́rẹ́ fa oògùn sí i níkùn, tàbí kí ẹ là á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni ti wíwọ̀n àti yíyàwòrán. Ẹ dá a sí. Ẹ tẹ́ ẹja náà gbọọrọ, ẹ na àwọn lẹbẹ rẹ̀, torí èyí tó bá gan ní wíwọ́ kò ní tọ́ mọ́. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi omi ṣan án fún ọjọ́ kan sí méjì, kí ẹ tó gbé e sínú ethanol 70%. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì ṣe é níta gbangba. Oró ni fọ́málíìnì.

“Odò Xingu” kì í ṣe àdírẹ́ẹ̀sì. Odò náà gùn tó nǹkan bí 2,000 kìlómítà, bẹ́ẹ̀ Volta Grande, apá kan ṣoṣo nínú rẹ̀, ni Hypancistrus zebra ń gbé. Ẹja tí ẹ rà lọ́wọ́ oníṣòwò kò yẹ kó di holotype, ìyẹn ẹja ìpìlẹ̀ tí orúkọ ẹ̀yà so mọ́, torí ọlọ́jà kì í fi ibi tó ti ń kó ọjà han ẹlòmíràn. Ẹ kọ nọ́ńbà GPS, ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó pa á sórí ìwé tí omi kì í bàjẹ́, kí ẹ sì fi sínú ìgò. Ẹni tó kọ ọ́ sórí ìdérí, ọjọ́ tí ìdérí méjì bá pààrọ̀ ara wọn ni yóò gbọ́n. Ní Bràsíìlì, ẹ gba àṣẹ ICMBio, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo ẹ̀dá abẹ̀mí, kí ẹ tó ju àwọ̀n. Ti DNA ní ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀ lábẹ́ òfin 13.123 ti 2015.

Ilé tí à ń wò náà dà? Ó wà ní mùsíọ́ọ̀mù London, Paris, Vienna àti Berlin, níbi tí àwọn ẹja tí wọ́n fi sọ ọ̀pọ̀ orúkọ ní ọ̀rúndún 19 wà. Ẹni tó fi ẹja rẹ̀ wé àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan lè rí i lọ́la pé ẹja náà ti lórúkọ láti ayébáyé, orúkọ àgbà ni yóò sì borí. Ìran Hypostomus ló burú jù: orúkọ àtijọ́ rẹ̀ pọ̀, àpèjúwe wọn kúrú. Bí ẹja ìpìlẹ̀ bá ti ṣègbé, ẹ padà sí ibi tí wọ́n ti pa á, kí ẹ pa òmíràn níbẹ̀.

Ẹ má fi ẹja kan ṣoṣo ṣe àpèjúwe ẹ̀yà, bí òfin tilẹ̀ gbà á. Ẹ wá kékeré, ńlá, akọ àti abo, kí ẹ fi kálípà wọ̀n wọ́n dé 0.1 mílímítà. Ẹ má sì fi ọmọ ẹja wé àgbà: ojú ọmọ ẹja tóbi sí orí rẹ̀, ìyẹn kì í ṣe àmì ẹ̀yà.

Láti ọdún 2000, òfin ICZN, àjọ àgbáyé tó ń ṣòfin orúkọ ẹranko, ń béèrè pé kí ẹ dárúkọ holotype àti mùsíọ́ọ̀mù tó wà. Ìwé tó bá jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan gbọ́dọ̀ ti wà nínú ZooBank, àkọsílẹ̀ orúkọ ẹranko ti àjọ náà, kó tó jáde, kí ẹ̀rí rẹ̀ sì wà nínú ìwé náà. Ẹ má sọ orúkọ náà síta lórí Facebook ṣáájú. Ẹ wo ìparí ọ̀rọ̀ Látìnì náà dáadáa: nígbà tí wọ́n pín Corydoras ní 2024, Corydoras paleatus di Hoplisoma paleatum, torí Hoplisoma kì í ṣe akọ, kì í ṣe abo. Bí ẹ bá fi orúkọ obìnrin sọ ẹja, -ae ló ń parí rẹ̀. Ti ọkùnrin, -i. Òfin kò ní kí ẹ má fi orúkọ ara yín sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni ẹ ó fi pa àwọn ẹlẹgbẹ́ yín.