Ṣé kí n fi kíláàsì sílẹ̀ kí n lọ máa kọ́ Yorùbá lórí Zoom? Bẹ́ ẹ ṣe máa rò ó kẹ́ ẹ tó kọ lẹ́tà

Ẹ̀yin tíṣà Yorùbá ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù láti bí ọdún méjì sẹ́yìn rèé: "Àǹtí, iṣẹ́ tíṣà yìí wù mí o, mi ò kórìíra ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ní London ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọ òun lórí fóònù, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ náà ti ń béèrè, ṣé kí n kúkú fi skúùlù sílẹ̀ ni?" Mi ò lè bá ẹnikẹ́ni dáhùn bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlá ni mo fi dúró níwájú bọ́ọ̀dù n'Íbàdàn kí ọ̀rọ̀ yìí tó kàn mí, mo ṣe é bí kò ṣe yẹ lẹ́ẹ̀kan kí n tó wá ṣe é bó ṣe yẹ, nítorí náà ẹ jẹ́ n sọ bẹ́ ẹ ṣe máa gbé e yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa ná, dọ́là ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, dọ́là tí báńkì ń ṣẹ́ ní nǹkan bí 460 náírà bẹ̀rẹ̀ sí í fò, kí 2024 tó parí ó ti lé ní 1,500, owó oṣù tíṣà sì jókòó síbi tó wà bí ìyá arúgbó tí ẹsẹ̀ ń dùn. Tó bá jẹ́ tìtorí owó lẹ ṣe fẹ́ lọ, ẹ sọ pé owó ni, ìṣirò la máa fi yanjú ìyẹn, kò gba ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ó máa ń dà pọ̀ mọ́ ìbínú, ó máa ń dà pọ̀ mọ́ àárẹ̀, èèyàn ò wá ní mọ èwo lèwo.

Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń sọ pé kẹ́ ẹ tó ṣírò kọ́bọ̀ kankan, ẹ ra ìwé 40 leaves kan, kẹ́ ẹ máa kọ nǹkan méjì sínú ẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: ohun tó múnú yín dùn níbi iṣẹ́ lónìí, àti ohun tó bí yín nínú. Kó má gùn, ìlà kan kan ti tó. Ẹ má kà á títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á fi pé.

Nígbà tí mo ka tèmi, apá ìbínú fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà: owó oṣù tó ń wọlé nígbà tí oṣù tó tẹ̀ lé e ti dé ìdajì, lẹ́sìn nóòtù tí wọ́n ní ká máa kọ lẹ́ẹ̀mejì, pírọ́òdù Yorùbá tí wọ́n ń gbà fún máàtì ní gbogbo ìgbà tí ìdánwò bá ti ń bọ̀. Ẹ wò ó dáadáa, kò sí ọ̀kankan níbẹ̀ tó jẹ́ Yorùbá kíkọ́. Ilé ìwé yẹn ló ń bí mi nínú, iṣẹ́ náà ò ṣe mí ní nǹkan kan. Tó bá jẹ́ báyìí ni tiyín náà ṣe rí, ẹ kọ́kọ́ lọ wáṣẹ́ sí ilé ìwé mìíràn, ẹ gbìyànjú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, torí kò yẹ kéèyàn ta ilé nítorí pé ilẹ̀kùn kan ń han.

Ẹ wá lọ sí apá ìdùnnú, kẹ́ ẹ fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo èyí tí ò lè bá yín dé orí Zoom. Tèmi: kí ogójì ọmọ máa gbe orin àlọ́ pọ̀ lọ́sàn-án tí òòrùn mú títí tíṣà Físíìsì á fi kan ògiri, ọjọ́ àṣà, tí ọmọ SS 1 tí kò lè dáhùn ìbéèrè kan ní kíláàsì á gbé gángan kọ́ apá tí gbogbo èèyàn á dákẹ́, àwàdà inú staff room, àwọn ọmọ tó ń dọ̀bálẹ̀ kí mi ní Ọjà Bódìjà. Bírò pupa gbà wọ́n tán. Ohun tó ṣẹ́kù ni ojú ọmọ lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ìyàtọ̀ àárín ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ létí ara ẹ̀. Ìyẹn lè dé orí Zoom, ó sì tóbi lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ọ̀kan péré ni. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ìdùnnú yín ló wà lábẹ́ bírò pupa, ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ wà, kẹ́ ẹ máa fi Sátidé pa owó dọ́là díẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, ẹ ò nílò ìyókù ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kù, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú la dé yìí, torí wọ́n rò pé Yorùbá náà ni Yorùbá. Ọmọ JSS 2 n'Íbàdàn, ì báà jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń sọ nílé wọn, ó ń gbọ́ Yorùbá lẹ́nu oníbúrẹ́dì, ó ń gbọ́ ọ nínú ọkọ̀, ohun tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ ọ ni àrànmọ́, ìpàrójẹ, oríkì, bó ṣe máa kọ àròkọ tí WAEC máa fún un ní máàkì. Ọmọ ọdún méje ní Peckham ní London ò gbọ́ "jókòó". Á pe "gbogbo" ní "bobo", á máa sọ "o" sí ìyá-ìyá ẹ̀, kì í sì í ṣe àfojúdi, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Kò sí sílábọ́ọ̀sì tí wọ́n fún yín, ẹ̀yin lẹ máa ṣe é fúnra yín, orin, àwòrán, eré. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lagbára ẹ̀ mọ, tó bá fi máa di ìṣẹ́jú kejìlá á ti máa fi ológbò wọn hàn yín, dádì ẹ̀ á sì wà lẹ́yìn tí á máa sọ ìdáhùn fún un wúyẹ́wúyẹ́ bíi pé ẹ ò gbọ́. Ẹ tún máa nílò Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara, torí ẹ máa ṣàlàyé ìdí tí "ó" fi jẹ́ ọkùnrin, tó jẹ́ obìnrin, tó tún jẹ́ ajá.

Àwọn àgbàlagbà náà wà. Ọkọ ìyàwó tó jẹ́ òyìnbó tó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kí àna. Àwọn ará Brazil tó ń ṣe Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà ti ọ̀dọ̀ wọn, á gbé orin òrìṣà tó ti ń kọ látìgbà èwe wá bá yín, Yorùbá ni lóòótọ́ ṣùgbọ́n ohùn orí ọ̀rọ̀ ti yọ́ dànù sínú Potogí, á ní kẹ́ ẹ túmọ̀ ẹ̀ fóun. Àwọn ará Cuba náà bẹ́ẹ̀, Lukumí ni wọ́n ń pe tiwọn. Ẹ má sáré túmọ̀ o, tẹ́ ẹ ò bá dá a mọ̀ ẹ sọ pé ẹ ò dá a mọ̀, torí ọ̀rọ̀ kan tí ò lámì lè jẹ́ nǹkan mẹ́rin, ohun mímọ́ sì ni lọ́dọ̀ ẹni yẹn. Ẹni tó bá sì mọ̀ pé ẹ̀sìn òun ò ní jẹ́ kóun dárúkọ Ọ̀ṣun láìfajú ro, kó tètè mọ̀, torí nínú gbogbo àwọn tí mo ti kọ́, àwọn yìí ló ń sanwó déédéé jù, tí wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá jù.

Ọ̀rọ̀ àkókò náà ń pani. Ti ìlú ọba dára, bí ẹ̀ẹ̀rùn wọn bá dé aago kan náà la jọ ń lò, tó bá di ìgbà òtútù wọ́n á fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa. Ti Amẹ́ríkà ni wàhálà. Ọmọ tó dé láti skúùlù ní Houston ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, aago mẹ́wàá alẹ́ ni lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n bá yí aago wọn padà ní oṣù kọkànlá, ó di aago mọ́kànlá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ kékeré tàbí ọkọ tó ń tètè sùn, ẹ bá ara yín sọ̀rọ̀.

Ó yá, ìṣirò. Preply àti italki ni ibi tí tíṣà ti ń rí akẹ́kọ̀ọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Preply máa ń gba gbogbo owó lẹ́sìn àkọ́kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun bá fi dán yín wò, lẹ́yìn ìyẹn á máa mú ìdá 33 nínú 100, á sì máa dín kù bí wákàtí yín bá ṣe ń pọ̀ títí á fi di 18. italki ń mú 15. Tẹ́ ẹ bá fi wákàtí kan sí dọ́là 10, dọ́là 6.70 ló kàn yín ní Preply níbẹ̀rẹ̀, wákàtí 10 lọ́sẹ̀ jẹ́ dọ́là 67. Ẹ yọ owó dátà, ẹ yọ epo jẹnẹrétọ̀ torí NEPA ò mọ̀ pé ẹ ní kíláàsì, ẹ yọ ohun tí àwọn tó ń bá yín fowó ránṣẹ́ máa jẹ lórí ẹ̀ kó tó dé báńkì yín. Kẹ́ ẹ wá fi oṣù 10 ṣe ọdún kan, ẹ má fi 12, torí August àti December ni ìdílé wọn máa ń rìnrìn àjò, Zoom á gbẹ bí odò ọ̀gbẹlẹ̀. Tí ohun tó bá kù ò bá tíì tó àpapọ̀ owó oṣù yín lọ́dún kan lọ́nà kan ààbọ̀, kò tíì yá.

Ìdí tí mo fi ní kan ààbọ̀ ni pẹ́ńṣọ̀n. Ilé ìwé tó bá ń tẹ̀ lé òfin 2014, ìdá 10 nínú 100 owó oṣù yín ni wọ́n ń fi kún un fún yín, ẹ̀yin ń dá 8, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti kúrò, 10 wọn yẹn ti dáwọ́ dúró. Èyí tó ti wà ńlẹ̀ ò sọnù, tẹ́ ẹ ò bá tíì pé ẹni 50 ọdún tẹ́ ẹ sì ti lo oṣù mẹ́rin láìríṣẹ́ mìíràn, ẹ lè mú ìdá 25 nínú 100 ẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé kẹ́ ẹ fi ra láptọ́ọ̀pù, ẹ sá fún un. Láti 2019 ètò pẹ́ńṣọ̀n ti wà fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn, ẹ béèrè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ìwé ìjọba, ẹ rọra o, òfin 2022 ti sún ìfẹ̀yìntì tíṣà sí 65 ọdún tàbí 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi sílẹ̀ pọ̀ ju ti àwa aládàáni lọ.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ ṣe é pa pọ̀ fún táàmù kan gbáko kẹ́ ẹ tó pinnu. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta, kí ọ̀kan jẹ́ ọmọdé, kí ọ̀kan jẹ́ àgbàlagbà, kí ìkankan má jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, torí mọ̀lẹ́bí á fara dà á, kò ní sọ òótọ́ fún yín. Ẹ máa kọ iye ìgbà tí wọ́n kánsù lẹ́sìn sílẹ̀. Wọ́n á ní ẹni tó lé eku méjì á pòfo, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n táàmù kan la ní, ẹ ò ní lé e títí ayé. Ohun tí mo máa ń wò ju owó lọ ni bó ṣe ń rí lára yín ní ìdajì wákàtí ṣáájú lẹ́sìn: ṣé ẹ̀ ń wá àwòrán tẹ́ ẹ máa lò ni, àbí ẹ̀ ń gbàdúrà kí iná lọ?

Ẹ má ṣe é bí mo ṣe ṣe é nígbà àkọ́kọ́. Owó oṣù pẹ́, mo bínú, mo kọ lẹ́tà ní ọ̀sẹ̀ kẹta táàmù kejì, àwọn SS 3 mi wà níbẹ̀ tí WAEC kù sí dẹ̀dẹ̀, wọn ò rí ẹni fi rọ́pò mi. Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́sàn-án lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nígbà yẹn, ojú mi ti là. Nígbà tí August wọlé wọ́n ku méjì. Ohun tó tún dùn mí jù ìyẹn ni ọ̀kan nínú àwọn SS 3 yẹn tó rí mi l'Ágodi, ó kí mi dáadáa, kò béèrè ibi tí mo lọ. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá máa lọ, ìparí táàmù kẹta ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ ka lẹ́tà tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́ kẹ́ ẹ mọ iye ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ fún wọn ṣáájú, ẹ gba ìwé ẹ̀rí, ẹ má jẹ́ kí ìforúkọsílẹ̀ yín lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tó ń forúkọ tíṣà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kú. Ẹ sọ fún màmá yín fúnra yín kí ẹlòmíì tó sọ, torí tèmi ń sọ fún àwọn èèyàn fún oṣù mẹ́fà pé ara mi ò yá.

Ẹ sì béèrè nǹkan tí kì í wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ wa, kí wọ́n gbà yín fún ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Ilé ìwé aládàáni mìíràn ló gbà mí bẹ́ẹ̀, owó wọn ò pọ̀, ó ń dé lásìkò. Túsìdé àti Tọ́sìdé mo wà níwájú bọ́ọ̀dù, àlọ́ ń lọ. Ní alẹ́ Wẹ́sìdé mo wà pẹ̀lú ọmọ Houston kan tó ti ń bá "gbogbo" jà láti oṣù méjì, ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó pè é dáadáa lẹ́ẹ̀kan, mọ́mì ẹ̀ hó láti kíṣìnnì, ọ̀gbẹ́ni sì gbàgbé bó ṣe pè é.