Ẹ̀sùn Dé Bá Relay Tor Yín? Ẹ Ka Èyí Kí Ẹ Tó Bi Mí

Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn, ẹnu tó ń bi í ló ń yàtọ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n lè rí ibi tọ́ka sí. Tor ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń fi ẹni tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì pamọ́; relay ni sáfà tó ń gbé dátà rẹ̀ kọjá; exit ni relay tó kẹ́yìn, èyí tó ń jáde sí ìkànnì.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tan relay mi, àmọ́ dátà tó ń gba inú rẹ̀ kọjá kò tó nǹkan. Ṣé ó bàjẹ́ ni?

Kò bàjẹ́. Fún bí ọjọ́ 3 àkọ́kọ́, wọn ò tíì wọn agbára rẹ̀. Kó tó rí ẹsẹ̀ walẹ̀ dáadáa, ó lè ju oṣù 2 lọ. Ẹ yé pa á kí ẹ tún máa tàn án.

Log (àkọsílẹ̀ Tor) sọ pé wọn ò lè dé ORPort mi (pọ́ọ̀tì tí àwọn relay mìíràn fi ń bá a sọ̀rọ̀) láti ìta.

Ẹ ṣí pọ́ọ̀tì náà nínú firewall, ohun tó ń sọ dátà tó lè wọlé tàbí jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ wo firewall kejì, èyí tí ilé-iṣẹ́ tó ni sáfà gbé sójú pánẹ́ẹ̀lì wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín kì í wò. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin àti ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ jọ ń lo àdírẹ́sì IPv4 kan lọ́dọ̀ olùpèsè íntánẹ́ẹ̀tì yín, ẹ lọ háyà sáfà.

Relay mi ń wọ inú àkójọ relay Tor, ó tún ń jáde.

Ẹ wo aago sáfà. Ẹ fi NTP, tó ń tún aago ṣe láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, sí i.

Inú ilé ni relay mi wà, kì í sì í ṣe exit. Kí ló dé tí ìkànnì báńkì mi ò jẹ́ kí n wọlé mọ́?

Gbangba ni àdírẹ́sì gbogbo relay wà. Àwọn ìkànnì kan kàn ń dí gbogbo àkójọ náà pa láìwò bóyá exit ni tàbí kì í ṣe exit. Ẹ sọ ọ́ di bridge (relay ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń wọ Tor), torí àdírẹ́sì bridge kì í sí nínú àkójọ yẹn, kí ẹ sì gba àdírẹ́sì tuntun, nítorí ti tẹ́lẹ̀ ti tú síta. Àbí kí ẹ gbé relay kúrò nílé. Ní ti exit, ẹ má dán an wò nílé rárá. Ẹni tó bá tọ ipasẹ̀ àdírẹ́sì náà, ilẹ̀kùn yín ló máa kàn, kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ yín náà ò sì ní ṣẹ́kù tí wọ́n bá ń kó o lọ.

Ilé-iṣẹ́ tí mo háyà sáfà lọ́wọ́ wọn ní exit mi ń pín fíìmù láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, ó sì ń dán ọ̀rọ̀ ìwọlé SSH (ọ̀nà tí a fi ń darí sáfà láti òkèèrè) wò lórí sáfà àwọn ẹlòmíràn.

Ẹ dáhùn. Lónìí. Ẹ̀rọ ló kọ ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ènìyàn ló máa pa sáfà yín tí ẹ bá dákẹ́.

Relay 3 ni dátà máa ń gbà kọjá, àdírẹ́sì èyí tó kẹ́yìn nìkan sì ni ìkànnì máa ń rí. Ẹni tó ṣe é ti bá tirẹ̀ lọ, orúkọ yín ló kù nílẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé exit Tor ni. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ExoneraTor wò, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè rí i bóyá àdírẹ́sì kan jẹ́ relay lọ́jọ́ kan pàtó. Ẹ sọ pé ẹ ò ní àkọsílẹ̀ ẹni tó gbà á kọjá, kí ẹ sì ní ẹ lè fi ExitPolicy (ìlànà ibi tí exit yín gbà kí dátà jáde sí) dí àdírẹ́sì olùfisùn. Tor Project, àjọ tó ń ṣe Tor, ti kọ àpẹẹrẹ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ẹ lò ó. Ẹ má ṣèlérí pé ẹ máa wá ẹni náà rí, irọ́ ni.

Bí ẹ̀sùn bá pọ̀ jù, ẹ kọ `ReducedExitPolicy 1` sínú torrc, fáìlì ètò Tor, kí pọ́ọ̀tì tí exit ń ṣí lè dín kù. Ìlànà àkọ́kọ́ tí Tor bá wá ti pa pọ́ọ̀tì 25, tí ímeèlì ń gbà, tẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹ̀sùn spam kì í pọ̀. Bó bá jẹ́ SSH nìkan ló ń dà yín láàmú, ẹ ti pọ́ọ̀tì 22 pa. Ẹ fi orúkọ tó ní "tor-exit" nínú sí reverse DNS (orúkọ tó ń jáde tí wọ́n bá wá àdírẹ́sì yín wò), kí ẹ sì gbé ojúewé àlàyé sórí pọ́ọ̀tì 80. Àwọn mìíràn á kà á, wọn ò sì ní kọ̀wé mọ́.

Relay mi kì í ṣe exit, síbẹ̀ wọ́n ní mo ń kan pọ́ọ̀tì 22 káàkiri. Ṣé wọ́n ti gba sáfà mi ni?

Èyí gba àlàyé. Ní ìparí oṣù October 2024, ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé sí mi. `ExitRelay 0`, ìyẹn ni pé kì í ṣe exit, ló wà nínú torrc. Ilé-iṣẹ́ sáfà ní kí n nu gbogbo rẹ̀ kúrò kí n tún un tò. Mo kọ̀ jálẹ̀, nítorí bí mo bá nù ún, ẹ̀rí mi nìyẹn lọ.

Mo tan tcpdump, irinṣẹ́ tó ń fi dátà tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde hàn, pọ́ọ̀tì 22 nìkan ni mo ní kó máa wò. (Ẹ má fi tcpdump ka dátà tó ń gba ORPort, kì í ṣe tiyín.) Ohun tó kọ́kọ́ rú mi lójú ni pé SYN díẹ̀ (packet, ìyẹn ẹyọ dátà, tó ń béèrè ìsopọ̀) ń jáde lóòótọ́. Nígbà tí mo wá àdírẹ́sì tí wọ́n ń lọ nínú Relay Search, ojúewé tí a ti ń wá relay Tor, relay ẹgbẹ́ wa ni. Àwọn kan wà tó fi ORPort wọn sí 22, relay yín sì gbọ́dọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀. Mo yọ ìyẹn kúrò, kò ṣẹ́ku SYN kan tó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó fisùn. Àmọ́ SYN-ACK (ìdáhùn pé ó gbà) àti RST (ìdáhùn pé ó kọ̀) ń wọlé láti ọ̀dọ̀ àwọn sáfà tí n kò bá sọ̀rọ̀ rí. Ìdáhùn ń dé, ẹnikẹ́ni ò béèrè. Mo wá fi firewall ti ìjáde sí pọ́ọ̀tì 22 pa fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀sùn ò dáwọ́ dúró. Ibẹ̀ ló ti hàn sí mi kedere.

Ẹnìkan níbòmíràn ló ń rán SYN káàkiri, tó ń fi àdírẹ́sì wa sórí rẹ̀, bí ẹni tó kọ lẹ́tà èébú tó fi orúkọ aládùúgbò rẹ̀ parí rẹ̀. Packet àkọ́kọ́ nínú TCP, ìlànà ìsopọ̀ tí ẹ̀rọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, kò ní ohun tó ń fìdí ẹni tó rán an múlẹ̀, àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan kì í sì í yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀rọ tó rí SYN náà kàn ń fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ó fẹ́ kí àwọn ilé-iṣẹ́ sáfà lé relay kúrò lórí sáfà wọn ni, ó sì ṣe é sí àwọn directory authority náà, àwọn sáfà tó ń tọ́jú àkójọ relay.

Kí ni mo fi bá ilé-iṣẹ́ náà jà? N kò bẹ̀ wọ́n. Mo ní kí wọ́n wo àkọsílẹ̀ router tiwọn, bóyá packet ọ̀hún gba ọ̀dọ̀ wọn jáde. Àwọn tó ń gba ìpè wọn ò mọ ohun tí mò ń sọ, àfi ìgbà tí mo ní kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà fún àwọn onínẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn. Àwọn onínẹ́tíwọ́ọ̀kì wò ó, wọn ò rí nǹkan kan, ilé-iṣẹ́ náà pa ẹ̀sùn náà tì. Ní ọjọ́ 7 oṣù November 2024, àwọn tó ń ṣèwádìí rí orísun ìkọlù náà, wọ́n sì pa á. InterSecLab àti GreyNoise, àwọn oníwádìí ààbò íntánẹ́ẹ̀tì, wà lára àwọn tó ran Tor Project lọ́wọ́. Bí tiyín bá bẹ̀rẹ̀ lónìí, ọ̀nà yìí kan náà ni kí ẹ tọ̀.

Wọ́n ní àwọn máa pa sáfà mi dandan.

Ẹ tètè da `/var/lib/tor/keys` kọ síbòmíràn. Òun ni relay yín máa fi jẹ́ ara rẹ̀ lórí sáfà tuntun, láìbẹ̀rẹ̀ látilẹ̀.

Lẹ́tà ọlọ́pàá ni mo gbà.

Lọ́yà. Kì í ṣe èmi, kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ yín tó mọ Linux. Ẹ má pa nǹkan kan rẹ́, ẹ má fi ẹnu ara yín dáhùn, kí lọ́yà fi èsì ExoneraTor hàn wọ́n. EFF, àjọ Amẹ́ríkà tó ń gbèjà ẹ̀tọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti kọ ìdáhùn nípa òfin Amẹ́ríkà fún àwọn tó ni relay. Bó bá jẹ́ orílẹ̀-èdè mìíràn ni sáfà yín wà, lọ́yà tó mọ òfin ibẹ̀ ni kí ẹ wá.